Ikọ̀, Ìtàn àti Ìmọ̀ Àjọṣe Láàrin Orílẹ̀-Èdè

Ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ yunifásítì ilẹ̀ Nàìjíríà, ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní Ìtàn láyé ìjọ́sí kò jẹ́ orúkọ yẹn nìkan mọ́. Ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó tí ó wà ní Ọjọ́, wọ́n so ìtàn pọ̀ mọ́ ẹ̀kọ́ nípa àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé. Ní Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ ní Àgọ́-Ìwòyè, wọ́n so ó pọ̀ mọ́ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ikọ̀. Ní Yunifásítì Èkó ní Akọkà, ẹ̀kọ́ nípa ètò ààbò àti ọgbọ́n ìṣèjọba ni wọ́n fi kún un. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé tí àwọn ọ̀mọ̀wé wọ̀nyí wò kí wọ́n tó sọ ọmọ wọn lórúkọ tuntun ni ọjà iṣẹ́ òde òní. Àwọn òbí ti ń béèrè pé kí ni ọmọ yóò fi ìtàn jẹ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń yàn án nínú fọ́ọ̀mù ìgbaniwọlé ń dínkù sí i. Ìjọba àpapọ̀ náà sì dá kún un: nínú kọ̀ríkúlọ́ọ̀mù ọlọ́dún mẹ́sàn-án tí ó jáde ní 2007, Ìtàn kò dá dúró gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ mọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ìpele àkọ́kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ó tó nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà kí ìjọba tó bẹ̀rẹ̀ ètò láti dá a padà sí àyè rẹ̀.

Kò sí ẹni tí ó lè bá àwọn tí ó yí orúkọ padà jà. Ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ tí kò rí akẹ́kọ̀ọ́ gbà, títì ni wọn yóò tì í. Ṣùgbọ́n ìgbéyàwó tí ebi bá fà, ó yẹ kí ènìyàn yẹ̀ ẹ́ wò bóyá tọkọtaya mọ ara wọn. Ǹjẹ́ ìtàn àjọṣe ìlú sí ìlú àti ìmọ̀ àjọṣe láàrin orílẹ̀-èdè jẹ́ ọ̀kan náà? Bí wọn kì í bá ṣe ọ̀kan náà, kí ni ọ̀kan jẹ èkejì?

Yorùbá kò ṣàìní ọ̀rọ̀ fún ohun tí ó wà nídìí ìmọ̀ méjèèjì. Ikọ̀ ni. Ikọ̀ kì í ṣe ìránṣẹ́ lásán. Ọmọdé tí wọ́n rán lọ ra iyọ̀ kì í ṣe ikọ̀. Ẹni tí ó gbé ọ̀rọ̀ ọba tàbí ti ìlú lọ́wọ́ lọ sí ìlú mìíràn, tí ó lè fi ahọ́n rẹ̀ dá ogun sílẹ̀ tàbí kí ó fi paná rẹ̀, òun ni ikọ̀. Àwọn àgbà fi òwe méjì ṣe òfin fún un. Wọ́n ní ẹni tí ó rán ni níṣẹ́ là á bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Wọ́n tún ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ yóò rí i pé òwe méjèèjì takora díẹ̀: èkíní ní kí ikọ̀ má yẹ̀ kúrò lórí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi rán an, èkejì ní kí ó tún un ṣe kí ó tó sọ ọ́ jáde. Láàrin òwe méjèèjì ni iṣẹ́ ikọ̀ wà, nílẹ̀ Yorùbá àti níbi gbogbo.

Ọ̀yọ́ ilé ní àwọn ìlàrí tí wọ́n fá apá kan orí wọn. Ìlàrí kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tí ó dúró fún ìwà ọba tàbí ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀. Ìlú tí ó bá rí i pé Mádàríkàn ni Aláàfin rán sí òun ti gbọ́ ìdajì iṣẹ́ kí ẹni náà tó lanu. Àrokò sì tún wà: owó ẹyọ mẹ́fà tí ó ń sọ pé ọkàn ẹni tí ó fi ránṣẹ́ fà sí ẹni tí ó rán an sí, àti mẹ́jọ tí ó ń sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì jọra. Ní kíláàsì Yorùbá, orí àṣà ni wọ́n ti máa ń kọ́ èyí. Akẹ́kọ̀ọ́ á há iye owó ẹyọ sórí, yóò kọ ọ́ sílẹ̀ nínú ìdánwò, yóò sì gbàgbé. Ó ṣọ̀wọ́n kí olùkọ́ sọ fún un pé ìwé ìjọba ni ohun tí ó ń há sórí yẹn.

Ìmọ̀ tí àwọn òyìnbó ń pè ní International Relations kò pẹ́ láyé tó bí àwọn ènìyàn ti rò. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, ní 1919, ni wọ́n dá ipò ọ̀jọ̀gbọ́n àkọ́kọ́ fún un sílẹ̀ ní Aberystwyth, ní ilẹ̀ Wales. Ọmọ ènìyàn ti kú lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, wọ́n sì fẹ́ ìmọ̀ tí kò ní jẹ́ kí irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀. Ta ni wọ́n fi sórí àga náà? Alfred Zimmern, ẹni tí ìtàn ilẹ̀ Gíríìkì àtijọ́ ni ó sọ ọ́ di olókìkí. Ní 1936 ó kan E. H. Carr. Carr ti ṣe òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ọ̀ràn ilẹ̀ òkèèrè ti Gẹ̀ẹ́sì fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì wà lára ikọ̀ wọn níbi ìpàdé àlàáfíà ní Paris ní 1919. Ìwé rẹ̀ The Twenty Years' Crisis jáde ní 1939, nígbà tí ogun kejì ń bẹ́ sílẹ̀. Ìtàn ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ogun kejì ni ọ̀rọ̀ náà kọjá sọ́wọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà. Hans Morgenthau wá òfin tí agbára ń tẹ̀lé nínú ìwé rẹ̀ ti 1948. Nígbà tí ó fi di 1979, Kenneth Waltz ti gbé tíọ́rì kan kalẹ̀ tí kò ka ìwà, ìjọba tàbí ìtàn orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan sí pàtàkì. Bí agbára ṣe pín láàrin wọn ni ó ń wò, bí ẹni ń wo ọpọ́n ayò. Ọmọ ayò kan kò yàtọ̀ sí èkejì. Iye tí ó wà nínú ihò kọ̀ọ̀kan ni ọ̀rọ̀ ọ̀tayò.

Nílẹ̀ wa, Ilé-Iṣẹ́ Ìwádìí Ọ̀ràn Àgbáyé ti Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1961, ní ọdún kejì tí a gba òmìnira. Bọ́lájí Akínyẹmí, tí ó di mínísítà fún ọ̀ràn ilẹ̀ òkèèrè ní 1985, ni olùdarí rẹ̀ láti 1975 títí di 1983. Ní Ifẹ̀, Ọlájídé Àlùkò wà lára àwọn tí ó fi ìpìlẹ̀ ìmọ̀ náà lélẹ̀. Èyí tó fún ìyẹn.

Ọkùnrin kan wà ní Ṣáṣá, ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́, tí ó ti kọ́ ọmọ girama ní Ìtàn àti Ìjọba fún ohun tí ó lé ní ogún ọdún. Inú ilé kan ní ẹ̀yìn títì tí ó lọ sí Ẹ̀gbẹ́dá ni ó ń gbé pẹ̀lú ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀. Àgbà nínú àwọn ọmọ náà jẹ́ obìnrin. Nígbà tí àkókò fọ́ọ̀mù JAMB tó, ọmọ yìí kọ International Relations sí ipò kìíní, ó tún kọ ọ́ sí ipò kejì. Bàbá wo ìwé náà títí, ó ní kí ó jókòó.

"Ìtàn ńkọ́?"

"Bàbá mi, ẹ má bínú. Ta ni ó ń gba akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn síṣẹ́? Iṣẹ́ aṣojú orílẹ̀-èdè ni ó wù mí."

"Ó dára. Bí wọ́n bá rán ọ, ṣé o mọ ohun tí ẹni tí wọ́n rán ṣáájú rẹ bá wọn sọ?"

Ọmọ náà ní ohun tí ó ti kọjá ti kọjá. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ láàrin àwọn orílẹ̀-èdè nísinsìnyí ni òun fẹ́ mọ̀. Bàbá kò dáhùn. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún ju bí ọmọ ti mọ̀ lọ, nítorí iṣẹ́ tí ó fi bọ́ wọn ni ọmọ rẹ̀ ń pè ní ohun tí ó ti kọjá. Àárín wọn kò gún fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Ìyàwó rẹ̀ ni ó ń ṣe ikọ̀ láàrin wọn.

Ilé tí wọ́n ń gbé yẹn gan-an tó kọ́ ènìyàn ní ìmọ̀ tí wọ́n ń jà sí. Ará Ìbàdàn tí ń ṣe fọkanáísà wà níwájú ilé. Ìyá Ìjẹ̀ṣà tí ń ta aṣọ wà ní yàrá kejì. Nọ́ọ̀sì kan láti Èkìtì wà lókè, àlùfáà kan tí ó wá láti Ìlọrin sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ̀rọ omi kan ni gbogbo wọn ń pọn, ìjà wọn kò sì ju ti owó iná lọ. Ní 1886, ọ̀tọ̀ ọ̀tọ̀ ni ibùdó tí àwọn bàbáńlá wọn wà, ìbọn sì ni wọ́n fi ń kí ara wọn. Bí wọ́n ṣe kúrò nínú ti ìbọn bọ́ sí ti ẹ̀rọ omi, iṣẹ́ ikọ̀ wà nínú rẹ̀. Ìtàn yìí ni bàbá náà padà sọ fún ọmọ rẹ̀ nígbà tí ìbínú rọlẹ̀. Ìwé Samuel Johnson tí ó ti gbó, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, ni ó gbé lé orí tábìlì.

Ní 1878, Fábùnmi ará Òkèmẹ̀sí pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn tí ó wà ní ìlú rẹ̀, ọ̀tẹ̀ sì ràn kálẹ̀. Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì àti àwọn alájọṣe wọn para pọ̀, wọ́n sì pe ara wọn ní Èkìtì Parapọ̀. Ògèdèǹgbé di olórí ogun wọn. Ìbàdàn àti àwọn wọ̀nyí dojú kọ ara wọn lórí òkè ní ẹ̀bá Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìró àgbá tí ó ń dún kìrìjì ni ó sọ ogun náà lórúkọ. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tí ó wà ní Èkó, tí púpọ̀ nínú wọn ti Sàró dé, dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n ń ra ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sílé. Ẹgbẹ́ tí kì í ṣe ìjọba, tí ó jókòó sí ìlú mìíràn, tí ó ń pa ògiri agbára méjì dà: àwọn oníwèé òde òní ní orí odidi kan fún irú èyí nínú ìwé wọn, bí ẹni pé àná ni ó bẹ̀rẹ̀.

Aláàfin Adéyẹmí Kìíní kọ̀wé sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó ní 1881 pé kí wọ́n wá bá òun là á. Ohun tí ọba àtijọ́ ìbá fi ìlàrí ṣe ni ó fi lẹ́tà ṣe, Johnson tí ó jẹ́ òjíṣẹ́ Ọlọ́run ní Ọ̀yọ́ sì wà nídìí rẹ̀. Ìgbìyànjú mìíràn wáyé lẹ́yìn náà. Òyìnbó oníwàásù kan, J. B. Wood, lọ sí ibùdó àwọn ológun, kò rí i ṣe. Ààrẹ Látòósà kú sójú ogun ní 1885. Ní 1886, Alfred Moloney tí ó jẹ́ gómìnà Èkó yan ènìyàn méjì, ọmọ Yorùbá ni àwọn méjèèjì: Johnson lọ bá Aláàfin àti Ìbàdàn, Charles Phillips tí ó wà ní Oǹdó lọ bá Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì. Wọ́n lọ, wọ́n bọ̀, nínú òjò, láàrin àwọn ọmọ ogun tí kò gbà wọ́n gbọ́ tán. Ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Kẹsàn-án ọdún náà ni wọ́n kéde àdéhùn lójú ogun níwájú àwọn aṣojú gómìnà.

Ó yẹ kí gbogbo olùkọ́ ka àdéhùn yẹn. Ó ní kí Aláàfin àti Ọwá Iléṣà máa ṣe ẹ̀gbọ́n àti àbúrò bí ti àtijọ́. Kò sí tíọ́rì kan láti Aberystwyth tàbí Chicago tí ó mọ ibi tí yóò gbé gbólóhùn yìí sí. Bí àwọn méjèèjì bá dọ́gba, èwo ni ti ẹ̀gbọ́n? Bí ọ̀kan bá ga ju èkejì lọ, òmìnira wo ni Ìjẹ̀ṣà jà fún? Ṣùgbọ́n Yorùbá tí ó bá ní ẹ̀gbọ́n mọ ìdáhùn láìlọ sílé-ìwé: ẹ̀gbọ́n ni à ń kí, ẹ̀gbọ́n ni à ń bọ̀wọ̀ fún, kì í ṣe ẹ̀gbọ́n ni yóò yan ẹni tí yóò máa gba owó-òde nínú ilé àbúrò. Ẹ̀tọ́ ìbọ̀wọ̀fún wà, ẹ̀tọ́ ìfiniṣẹrú kò sí. Àdéhùn náà fi Ọ̀tan, Ìrèsì, Àdá àti Ìgbájọ sílẹ̀ fún Ìbàdàn, ó ní kí ẹni tí ó bá fẹ́ kúrò níbẹ̀ máa lọ. Ó ní kí Mọ́dákẹ́kẹ́ ṣí kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ifẹ̀, èyí kò sì rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láàrin ìlú méjèèjì ní ọdún 1997 sí 2000 mọ bí gbólóhùn kan nínú ìwé 1886 ṣe lè pẹ́ tó. Ìlọrin kò sí nínú àdéhùn, ogun rẹ̀ lórí Ọ̀fà sì ń bá a lọ.

Ohun kan sì tún wà ní ìsàlẹ̀ ìwé náà. Àwọn ọba àti ìjòyè gbà pé bí aáwọ̀ mìíràn bá ṣẹlẹ̀, gómìnà Èkó ni àwọn yóò gbé e lọ bá. Gbólóhùn ìlàjà ni lójú àwọn tí ó ti rẹ̀. Ẹni tí ó ń là wọ́n kò sì lọ mọ́. Nígbà tí ó fi di 1893, Gómìnà Carter ti ń rìn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú àdéhùn tirẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ̀gbá gba èyí tí ó sọ pé ẹnì kankan kò ní gba ilẹ̀ wọn láìjẹ́ pé àwọn aláṣẹ wọn fọwọ́ sí i. Ní 1914, òmìnira náà parí. Ní 1895, àgbá ìjọba tí Aláàfin fúnra rẹ̀ ti pè wá làjà bọ́ sórí Ọ̀yọ́.

Ọmọ náà gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó béèrè ohun kan tí bàbá kò retí. Ó ní, "Bàbá, ṣé kì í ṣe Ìlọrin ni ó ti ń kó Èkìtì lẹ́rú tẹ́lẹ̀? Kí ló dé tí ó fi gbè wọ́n lẹ́yìn ní Kìrìjì?" Bàbá sọ orúkọ ìjòyè kan àti ìjà àtijọ́ kan. Ọmọ ní ìyẹn kò tó. Ó ní ẹ wo gbogbo wọn: Ìlọrin ń bá Ìbàdàn jà ní Ọ̀fà, Ẹ̀gbá dí ọ̀nà etíkun mọ́ ọn, Ìjẹ̀bú náà dí tirẹ̀, Ifẹ̀ bá Èkìtì lọ. Ìbàdàn ti lágbára jù ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ jẹ gbogbo ilẹ̀, gbogbo ilẹ̀ ni yóò kóra jọ sí i. Kò di ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ràn ara wọn.

Ìwé oníṣòwò tí ó rà ní Ìkẹjà fún ìmúrasílẹ̀ ìdánwò ni ó ti ka èyí. Ìdọ́gba agbára ni wọ́n pè é níbẹ̀. Ibí yìí ni ó yẹ kí àwọn òpìtàn ṣe sùúrù. Ẹni tí ó bá mọ ọdún, tí ó mọ orúkọ ìjòyè, tí kò lè sọ ìdí tí ìlú márùn-ún tí kò fẹ́ràn ara wọn fi gbógun ti ìlú kan, kò tíì ṣe iṣẹ́ tán. Ìtàn tí wọ́n ń kọ́ ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wa, títo orúkọ ni. Abájọ tí àwọn ọmọ fi sá. Ìmọ̀ tuntun náà mú ìbéèrè wá, ìbéèrè náà sì dára. Àléébù rẹ̀ ni pé ó máa ń rò pé ìdáhùn kan náà ni yóò bá ibi gbogbo mu. Ìdọ́gba agbára lè sọ ìdí tí Ìlọrin fi wá. Kò lè sọ ìdí tí àlàáfíà fi gba orúkọ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò.

Ọ̀rọ̀ Èkó fi ibi tí ọwọ́ méjèèjì ti pàdé hàn kedere. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹjọ ọdún 1861, Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tí ó fi Èkó fún Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí ọkọ̀ ogun Prometheus wà lórí omi níwájú rẹ̀. Kò tíì pé ọdún mẹ́wàá tí àgbá Gẹ̀ẹ́sì run apá kan ìlú náà ní oṣù Kejìlá 1851, ojú gbogbo ènìyàn ni ó sì ṣe. Láìpẹ́ ni Dòsùnmú kọ̀wé sí Ọbabìnrin Victoria pé wọ́n fi ipá mú òun. Ẹni tí ó bá ń kọ́ nípa agbára nìkan yóò pa ìwé dé níbẹ̀: alágbára gbà, aláìlágbára pàdánù. Ṣùgbọ́n ní 1920, Olóyè Olúwa wọ ọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lórí ilẹ̀ ẹbí rẹ̀ ní Àpápá tí ìjọba gbà. Herbert Macaulay bá a lọ, ó sì gbé ọ̀pá àṣẹ Ẹlẹ́kọ̀ Èṣùgbàyí lọ́wọ́. Ní ìlànà ikọ̀ Yorùbá, ọba ni ó dé yẹn. Ìjọba Èkó lóye rẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà, torí wọ́n bínú sí Ẹlẹ́kọ̀ débi pé wọn kò kà á sí olórí ilé Dòsùnmú mọ́. Ní 1921, ìgbìmọ̀ ìdájọ́ Privy Council tún ìwé 1861 kà, wọ́n sì ní bí Dòsùnmú tilẹ̀ fi ìlú fún ọbabìnrin, ẹ̀tọ́ àwọn onílẹ̀ sí ilẹ̀ wọn kò bá a lọ. Ìwé tí wọ́n fi àgbá gbà ni wọ́n fi òye gbà padà díẹ̀, lẹ́yìn ọgọ́ta ọdún, nítorí pé àwọn kan kò dẹ́kun kíkà á.

Ìdàkejì irú èyí ni Bàkásì. Ní 1884, àwọn ọba Calabar bá Gẹ̀ẹ́sì ṣe àdéhùn ààbò. Ní oṣù Kẹta 1913, Gẹ̀ẹ́sì bá Jámánì pín ààlà, Bàkásì sì bọ́ sí apá Jámánì. Nígbà tí Cameroon pe Nàìjíríà lẹ́jọ́ sí ilé-ẹjọ́ àgbáyé ní Hague, ọ̀rọ̀ àwọn agbẹjọ́rò wa ni pé ẹni tí ilé kì í ṣe tirẹ̀ kò lè ta á: aláàbò ni Gẹ̀ẹ́sì, kì í ṣe onílẹ̀. Ilé-ẹjọ́ kò gbà. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹwàá 2002, wọ́n ní àdéhùn 1913 dúró, wọ́n sì ka ìwé tí Gowon àti Ahidjo fọwọ́ sí ní Maroua ní 1975 mọ́ ọn. Bọ́lá Ajíbọ́lá, ọmọ Ẹ̀gbá tí Nàìjíríà yàn sínú ìgbìmọ̀ adájọ́, kọ ìdájọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀, kò fara mọ́ ti àwọn yòókù. Ní oṣù Kẹjọ 2008 ni wọ́n fa ilẹ̀ náà lé Cameroon lọ́wọ́ pátápátá. Àwọn apẹja tí ó jí ní Nàìjíríà lánàá jí ní ilẹ̀ mìíràn. Kí ni wọ́n fi jà ní Hague? Kì í ṣe tíọ́rì. Ìwé 1884 àti ìwé 1913 ni, pẹ̀lú ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ààbò ní etí ẹni tí ó sọ ọ́ àti ní etí ẹni tí ó gbọ́ ọ.

Olùkọ́ Yorùbá kò gbọdọ̀ rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan òun. Ọdún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fa ìlà tí ó fi Kétu sọ́wọ́ Faransé, tí ó fi Ìmẹ̀kọ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Títí dòní, ẹni tí ó bá kí oríkì ọba Kétu ní Ìmẹ̀kọ, orílẹ̀-èdè mìíràn ni ó ń kí. A. I. Asíwájú tí ó kọ ìwé lórí ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá ní 1976, ọmọ Ìmẹ̀kọ ni. Ẹni tí ó bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀ka-èdè Kétu, ìtàn ikọ̀ ni ó ń kọ́ wọn, bóyá ó mọ̀ bóyá kò mọ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ bá sì ń lọ ṣe ìdánrawò ìkọ́ni, kò ṣòro kí ó pín kíláàsì sí ọ̀nà mẹ́ta, kí ó fi apá kan ṣe Ìbàdàn, apá kan Èkìtì Parapọ̀, kí ó yan ọmọ méjì ṣe ikọ̀, kí ó wo ohun tí wọn yóò sọ àti ohun tí wọn yóò fi pamọ́. Àrokò tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ ní wákàtí yẹn, wọn kò ní gbàgbé rẹ̀.

Ní Ṣáṣá, fọ́ọ̀mù náà ti lọ kí ọ̀rọ̀ tó tán. Bàbá kò yí i padà, ọmọ kò sì ní kí ó yí i padà. Ó gbé ìwé Johnson lọ sí yàrá rẹ̀. Nígbà tí ó ń ka ọ̀rọ̀ ìṣáájú ni ó rí ohun tí bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀ ti máa ń fò kọjá, ìyẹn bí ìwé náà ṣe dé ọwọ́ àwọn òǹkàwé.

Johnson parí ìwé rẹ̀ ní 1897. Ó fi ránṣẹ́ sí Ìlú Ọba, ó sì sọnù síbẹ̀. Ó kú ní 1901 láìfojú rí i. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, kó àwọn àkọsílẹ̀ jọ, ó tún gbogbo rẹ̀ kọ. Ní oṣù Kìíní 1916 ni wọ́n fi èyí ránṣẹ́ nínú ọkọ̀ Appam. Ogun Àgbáyé Kìíní ń lọ lọ́wọ́, ọkọ̀ ogun Jámánì kan tí ń jẹ́ Möwe sì mú Appam lójú agbami. Àwọn Jámánì tu ọkọ̀ náà lọ sí Virginia ní Amẹ́ríkà, torí pé Amẹ́ríkà kò tíì wọ ogun. Ẹjọ́ bẹ́ sílẹ̀ láàrin àwọn tí ó ni ọkọ̀ àti àwọn tí ó mú un: ṣé orílẹ̀-èdè tí kò sí nínú ìjà lè fi èbúté rẹ̀ pa ìkógun ẹlòmíràn mọ́? Ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ní Amẹ́ríkà ní rárá ní oṣù Kẹta 1917, wọ́n sì dá ọkọ̀ padà fún Gẹ̀ẹ́sì. Ẹjọ́ náà wà nínú àwọn ìwé òfin àgbáyé títí dòní. Lẹ́yìn-ọ-rẹyìn, ìdì ìwé ikọ̀ Kìrìjì dé ọwọ́ àwọn atẹ̀wé, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921, ọdún kan náà tí Olúwa jàre ní Lọ́ńdọ̀nù.